Iṣẹ́ ilé oúnjẹ tí kò ní ọjọ́, tí kò ní oṣù: báwo ni mo ṣe lè bọ́ sí iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìbàdàn ni mo wà. Ilé oúnjẹ kan lápá Bódìjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, mo ń fọ abọ́, bí ẹni tó ń ro àmàlà kò bá sì wá, èmi náà ni wọ́n máa ń ti orógùn bọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ kò ni mí lára. Ohun tó ń ni mí lára ni pé orí WhatsApp ni mánéjà máa ń fi orúkọ àwọn tó máa wá lọ́la sí, bí aago mẹ́wàá alẹ́. Bí orúkọ ẹni kò bá sí níbẹ̀, kò sí owó lọ́la. Ọ̀sẹ̀ kan á pè mí lọ́jọ́ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á pè mí lọ́jọ́ méjì. Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdánì tí ọjà kò yá lọ́sàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má pè mí rárá. Bí abọ́ bá fọ́, orí gbogbo wa ni wọ́n á pín in lé, títí kan ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo ní WAEC, kírẹ́díìtì mẹ́rin, Ìṣirò ni kò bọ́ sí i. Mo fẹ́ iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí oṣù bá parí, mo mọ iye tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá sí ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Òmíràn ní ẹnì kan wà tó lè bá mi wá iṣẹ́ ìjọba bí mo bá lè kó owó sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Ìyá Ìbejì Agége:
Ọmọ mi, kí a tó sọ nǹkan mìíràn, má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n bá kéde, ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ní àyè iṣẹ́ tí òun ń tà, bi í pé kí ló dé tí kò fi tíì fi àbúrò rẹ̀ sí i. Mo mọ àwọn tó san án ládùúgbò wa níbí. Wọ́n fún wọn ní lẹ́tà lóòótọ́. Lẹ́tà náà ní òǹtẹ̀, ó ní nọ́ńbà, orúkọ ọ̀gá àgbà wà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ́fíìsì, akọ̀wé ibẹ̀ kàn yí i sókè yí i sísàlẹ̀, ó ní àwọn kò kọ irú rẹ̀ rí. Ẹni tó gba owó ti pa fóònù rẹ̀.

Àǹtí Ìgbanisíṣẹ́:
Mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a fi ń mọ iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí pé kì í ṣe kí wọ́n kàn máa san owó lóṣooṣù nìkan.

Lẹ́tà ni àkọ́kọ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, abala 7, ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Irú iṣẹ́ tó máa ṣe, iye owó rẹ̀, ìgbà tí wọ́n á máa san án, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà. Abala 18 fún un ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó, bó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá. Bí àìsàn bá dé tí dókítà sì kọ ìwé, abala 16 ní kí wọ́n sanwó fún un fún ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá lọ́dún.

Lẹ́yìn èyí, owó ìfẹ̀yìntì. Òfin 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè máa dá a: wọ́n á yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó rẹ, agbanisíṣẹ́ á fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un. Ìwọ lo máa yan ilé-iṣẹ́ tí yóò tọ́jú owó náà, kì í ṣe ọ̀gá rẹ, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì máa wọlé sórí fóònù rẹ bí owó bá ti wọlé. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ tí o kò rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, o lè gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà.

Ọ̀rọ̀ owó tó kéré jù wá kù. Gbogbo wa la mọ ₦70,000 tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2024, Ọ̀yọ́ sì ní òun yóò san ₦80,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà nínú òfin náà rèé: ó yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ sílẹ̀. Bí ilé oúnjẹ yín bá kéré, ọ̀nà méjèèjì ni òfin fi yọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi wúlò kí o kúrò ní ilé oúnjẹ kan bọ́ sí òmíràn tó ń pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ náà. Irú iṣẹ́ yẹn lo máa fi sílẹ̀.

Ti abọ́ tó ń fọ́: abala 5 kò gbà wọ́n láàyè láti máa yọ owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí tí kò bìkítà nìkan ni wọ́n lè yọ owó rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé àṣẹ sí i ṣáájú. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní kó dá sí i.

Kò Kàn Mí:
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ bí àbúrò yìí bá ka abala 5 fún mánéjà yẹn lónìí, orúkọ rẹ̀ ò ní sí lórí WhatsApp mọ́ títí di ọdún tuntun 😂

Àǹtí Ìgbanisíṣẹ́:
Òótọ́ lo sọ. Kó má kà á fún un. Kó kàn máa kọ ọjọ́ àti iye tí wọ́n yọ sílẹ̀, ó lè wúlò lọ́jọ́ tó bá ń lọ.

Ọmọ Ẹnu Géètì:
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Olúyọ̀lé yẹn. Bi ọ̀rẹ́ rẹ pé ta ló ń sanwó fún un, ṣé ilé-iṣẹ́ náà ni àbí kọ́ńtírákítọ̀? Mo ti ṣe káṣúàlì ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń tò sẹ́nu géètì. Alábòójútó á jáde, á máa fi ìka yan ènìyàn: ìwọ, ìwọ, ìwọ aláṣọ pupa. Àwọn tó kù á wọ ọkọ̀ padà sílé, owó ọkọ̀ lọ gbére. Kí ni mo wá fi sàn ju ẹni tí wọ́n ń fi WhatsApp pè? Tìrẹ tiẹ̀ sàn, orí ibùsùn lo ti ń mọ̀ pé wọn ò pè ọ́.

Mi ò ní kí o má lọ o. Àwọn ibìkan wà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n á fi dán ọ wò, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ wọn. Ohun tí wàá wò ni káàdì tí òṣìṣẹ́ fi kọ́ ọrùn. Bó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára ògiri náà ló wà lára káàdì, ó dára. Bó bá jẹ́ orúkọ mìíràn, kọ́ńtírákítọ̀ ló ni ọ́. Bó o bá sì fẹ́ mọ òótọ́ ibẹ̀, ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá tó ń tà níwájú géètì, kó o jókòó jẹ ẹ́. Ìyá yẹn mọ iye àwọn tó di òṣìṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, ó mọ ìgbà tí owó oṣù máa ń pẹ́, torí pé àwìn tirẹ̀ ló máa ń so mọ́ ọn.

Kúkù Ọsibítù:
Àbúrò, ilé oúnjẹ ni èmi náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ yé mi dáadáa. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí tàwọn tó kù. O kò ní láti fi ìdáná sílẹ̀. Wá ibi tó jẹ́ pé wọn kì í ta oúnjẹ, àmọ́ tí àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́: ọsibítù, ilé-ìwé tí ọmọ ń sùn sí, ilé-iṣẹ́ tó ń bọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ààwẹ̀ dé, òjò rọ̀, epo bẹntiróò wọ́n, aláìsàn á jẹ oúnjẹ àárọ̀, á jẹ ti ọ̀sán, á jẹ ti alẹ́. Torí bẹ́ẹ̀, ara ògiri ni wọ́n máa ń lẹ ètò iṣẹ́ oṣù kan mọ́ níbi tí mo wà, láti ìparí oṣù tó ṣáájú. Mo mọ ọjọ́ tí mo máa wọlé láàárọ̀, mo mọ ọjọ́ tí mo máa wọ alẹ́.

N kò ní tàn ọ́ lórí owó. Nínú oṣù tí ọjà yá, tí àwọn oníbàárà ń fún ènìyàn ní owó ọwọ́, ilé oúnjẹ lè mú jù ú lọ. Oṣù tí ọjà kò yá ni wàá mọ ìyàtọ̀.

Bí mo ṣe wọlé rèé. N kò dúró de ìkéde. Mo kọ lẹ́tà, mo fi ìwé mi sí i, mo gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe olórí ìdáná, kì í ṣe ẹni tó wà ní géètì. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni kí o lọ, bí aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ẹni tí yóò dúró fún àwọn tó bá lọ ìsinmi. Ibẹ̀ ni èmi gbà wọlé. Ìyá kan lọ bímọ, wọ́n pè mí, nígbà tó padà dé wọn ò lè jẹ́ kí n lọ mọ́.

Wọ́n máa dán ọ wò. Wọ́n gbé adìyẹ tútù, ewébẹ̀ àti ọ̀bẹ kan ṣoṣo síwájú mi, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ewébẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gé, mo gbé e kúrò, mo gé adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ, pátákó àti ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Màmá tó ń wò mí kò sọ̀rọ̀, ó kàn kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé wákàtí mélòó ni ìrẹsì tó ti jinná lè fi wà níta kó tó di ewu. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń kọ́ni ni wákàtí méjì. Oúnjẹ gbígbóná tí a kò tíì fẹ́ bù gbọ́dọ̀ gbóná ju 60°C lọ, èyí tó bá máa wọ fíríìjì gbọ́dọ̀ tutù tó 5°C sísàlẹ̀, ẹran sì gbọ́dọ̀ gbóná tó 70°C dé inú kí a tó ní ó jinná. Kọ́ wọ̀nyí sórí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ wá mọ oúnjẹ sè jù mí lọ, ìbéèrè yìí ló já wọn.

Wọ́n á tún ní kí o lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí o súnmọ́ ìkòkò. Bi wọ́n pé ta ló ń san owó rẹ̀. Kí o sì bi wọ́n bóyá ọsibítù fúnra rẹ̀ ló ni ìdáná, torí àwọn kan ti gbé tiwọn fún kọ́ńtírákítọ̀, ọ̀rọ̀ Ọmọ Ẹnu Géètì á tún padà wá síbẹ̀.

Olówó Òde:
Ẹ ṣe ń fi ẹrú kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Ẹni tó mọ àmàlà rò, tó mọ oúnjẹ gbé, kó wá bá wa lóde Sátidé. Ìnáwó kan ṣoṣo lè fún un ní owó ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kó máa se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìjọba ń gba àwọn olóúnjẹ.

Ìyá Ìbejì Agége:
Olówó Òde, ọmọ yìí ní òun fẹ́ mọ iye tó ń wọlé lóṣù, ẹ̀yin ń fi ọjà mìíràn lọ̀ ọ́. Ẹ rántí pé oṣù kìíní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé yẹn dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ yòókù. Àwọn tó ti ra ìkòkò sílẹ̀ nítorí rẹ̀ mọ ohun tójú wọn rí. Ti òde Sátidé dára, kó máa ṣe é bó bá rí i, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í ṣe ìnáwó ní gbogbo Sátidé, pàápàá nínú ààwẹ̀.

Tíṣà Ìrọ̀lẹ́:
Ọ̀rọ̀ Ìṣirò tí kò bọ́ sí i yẹn, ẹ má jẹ́ ká fò ó. Bó bá rí iṣẹ́ ìdáná báyìí, kírẹ́díìtì mẹ́rin lè má dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan ṣe alábòójútó, ibẹ̀ ni wọ́n á ti ní kó mú márùn-ún wá. Kó tún Ìṣirò nìkan ṣe. WAEC ní ti àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, NECO náà ní, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló sì máa ń gba ìwé ìjókòó méjì pọ̀. NABTEB wà pẹ̀lú, àwọn ní ìdánwò lórí iṣẹ́ oúnjẹ gan-an, Catering Craft Practice, ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n á bi í. Lẹ́yìn náà, bí agbára bá wà, Poli Ìbàdàn àti Yábàtẹ́ẹ̀kì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa iṣẹ́ ilé ìtura àti oúnjẹ. Kó má bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ìṣirò ṣáájú.

Alhája Alájọ:
Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ ti sọ̀rọ̀ lẹ́tà, ẹ ò sọ̀rọ̀ oṣù àkọ́kọ́. Ọmọ yìí ń gba owó lójoojúmọ́ tó bá ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá wọ iṣẹ́ oṣù, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ló máa fi ṣiṣẹ́ kó tó rí owó, ibòmíràn á tún lọ wọ ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tuntun nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò tíì wọ ìwé owó. Kí ló máa fi wọkọ̀? Kí ló máa jẹ? Mo ti rí àwọn tó fi iṣẹ́ tó dára sílẹ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́ nítorí owó ọkọ̀ nìkan, tí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti ń gba owó ojoojúmọ́.

Bẹ̀rẹ̀ àjọ lónìí, kò ní kó pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́, dá a. Lọ́jọ́ tí wọn ò pè ọ́, alájọ tó gbọ́n á yé e. Owó ọjọ́ kan ni a máa ń mú nínú oṣù, ìyókù tìrẹ ni. Kà á títí yóò fi tó owó ọkọ̀ àti oúnjẹ oṣù kan àtààbọ̀, kó o tó fi mánéjà yẹn sílẹ̀. Má sì fọwọ́ kan àwọn ẹ̀yáwó orí fóònù. Bó o bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo orúkọ inú fóònù rẹ ni wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pé olè ni ọ́, ọ̀gá tuntun lè wà nínú wọn.

Àǹtí Ìgbanisíṣẹ́:
Alhája, ẹ kú orí ire. N óò fi èyí kún un. Wo orúkọ rẹ nínú NIN, nínú BVN àti nínú WAEC. Bí ọ̀kan bá ní Adéṣọlá tí èkejì ní Ṣọlá, tún un ṣe báyìí, torí ohun tó máa ń dá owó oṣù àkọ́kọ́ dúró jù nìyẹn. Wá onídùúró méjì sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó níṣẹ́ gidi tó sì ní àdírẹ́sì tí a lè dé. Pásítọ̀, lèmọ́mù, olùkọ́ rẹ àtijọ́ dára. Má fi ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń wáṣẹ́ ṣe é.

Nínú CV rẹ, má kàn kọ ọ́ pé o ń gbé oúnjẹ. Kọ iye abọ́ tó ń jáde lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, kọ ọ́ pé o ń ka ẹran wọlé kí o sì kà á jáde, bó o bá ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà rí, kọ ọ́ pé owó máa ń pé. Àwa tó ń ka ìwé yẹn, ohun tí a ń wá ni ẹni tí a lè fi nǹkan sí lọ́wọ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ti ẹni tó ní kí n kó owó sílẹ̀, mo ti dáhùn pé n kò ṣe. Àwọn ìdáná ọsibítù ni mo fẹ́ gbájú mọ́, mo ti kọ orúkọ márùn-ún tó wà nítòsí mi sílẹ̀. Alhája, màmá mi ní alájọ kan, mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: bí mo bá rí iṣẹ́ náà, ṣé mo lè dédé má lọ mọ́ níbi tí mo wà? Wọn ò fún mi ní lẹ́tà kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni mò ń bẹ̀rù, torí wọ́n ti ṣe é fún ẹnì kan rí, wọn ò san tirẹ̀.

Àǹtí Ìgbanisíṣẹ́:
Má dédé lọ. Ẹni tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ọjọ́ kan ni òfin ní kó fi sọ fún wọn ṣáájú. Láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ kan ni tìrẹ, kíkọ ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta, fi déètì sí i, ya fọ́tò rẹ̀, fún mánéjà ní ọwọ́, kó o tún fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp tí wọ́n fi ń pè ọ́. Gbogbo orúkọ rẹ tó ti jáde lórí ẹ̀rọ yẹn ni ẹ̀rí pé o ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà má pa wọ́n rẹ́. Abala 11 ní kí wọ́n san gbogbo owó rẹ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bí wọn ò bá san án, ọ́fíìsì Ministry of Labour wà ní Federal Secretariat, Ìkólàbà. Àfi kó o ti gba lẹ́tà ibi tuntun sọ́wọ́ o, kó o tó fún wọn ní tìrẹ.

Kò Kàn Mí:
Kúkù Ọsibítù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ń gba ọkùnrin náà níbi tẹ́ ẹ wà?

Kúkù Ọsibítù:
Ọkùnrin ni mí. Ìkòkò tí a fi ń se ìrẹsì níbí, ènìyàn méjì ló ń gbé e. Mú ìwé rẹ wá.